Lẹ́tà fún Ìbejì

Eruku ọyẹ́ ni mo ń nù lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òmù-Àrán nígbà tí ìyá arúgbó kan láti Rore wọlé, tí wọ́n na lẹ́tà kan sí mi.

"Kà á sókè."

Mo kà á. Lẹ́tà ìpàdé ẹbí wọn ni, ọ̀kan nínú ọgọ́ta tí mo tẹ̀ lánàá. Orúkọ wọn pé, àmọ́ oríkì ọkùnrin ló tẹ̀ lé e.

"Ṣé mo ti hu irùngbọ̀n ni? Àbúrò mi ti ń pè mí ní bọ̀ọ̀dá láti àárọ̀!"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Àwọn lẹ́tà tó kù ṣì wà lórí tábìlì, ọkọ̀ tí yóò kó wọn lọ sí Èkó yóò sì gbéra ní aago méjì. Bí irú èyí bá dé ọ̀hún, ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ fún mi?

Èmi ni mo kọ ètò kékeré orí kọ̀ǹpútà tó ń parí àwọn lẹ́tà náà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo ń kọ. Màá fi àlàfo sílẹ̀ fún orúkọ àti oríkì, ètò náà á máa mú wọn wá láti inú àkọsílẹ̀ orúkọ ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣí àkọsílẹ̀. Àyè oríkì ìyá ṣófo.

"Kí ni oríkì yín gan-an, mà?"

"Ìbejì ni mí. Ìbejì wo lo rí tó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀? Ẹ̀jìrẹ́ ni gbogbo wa."

Ojú mi là. Nígbà tí ètò náà kò rí oríkì mú, ti ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó ṣáájú wọn nínú àkọsílẹ̀ ló ṣì dì mọ́wọ́, ó sì fi kí wọn. Mo kọ ìlà kan sí i: kó kọ́kọ́ sọ ti ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kan ẹlòmíràn. Mo kọ ìkejì: bí àyè bá ṣófo, kó yọ àlàfo náà kúrò tòun ti kọ́mà rẹ̀. Mo dán an wò pẹ̀lú àyè òfìfo níbẹ̀rẹ̀, láàárín àti nípẹ̀kun. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé ìwé girama ni mo kà mọ, kò sí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí.

Mo wá kọ Ẹ̀jìrẹ́ sí àyè oríkì ìyá, mo tẹ tiwọn, mo tún lẹ́tà méjì mìíràn tó ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ̀, gbogbo ti Èkó sì bá ọkọ̀ lọ.

Ìyá ka tiwọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Tẹ ẹyọ kan sí i. Àbúrò mi yẹn ni yóò kà á sókè lójú gbogbo ẹbí."