Imú Yasung

Ní gbogbo abúlé Hong, kò sí obìnrin tí igi tó há sí ihò imú rẹ̀ tóbi tó ti Yasung. Kékeré ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ fi orúnkún méjèèjì há orí rẹ̀, tó fi ẹ̀gún àti èédú tí wọ́n pò mọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ fín ìlà márùn-ún sí i ní àgbọ̀n, ọ̀kan gbọọrọ láti iwájú orí dé ṣóńṣó imú, tó sì lu imú náà lọ́tùn-ún lósì. Bó ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń fi igi roboto tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ há ihò náà. Ó dùn ún gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yasung di wúńdíá, bó bá ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sóko ìrẹsì, àwọn ọkùnrin á dúró wò ó.

"Ẹni tó bí èyí bímọ!" ni wọ́n máa ń wí.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, Takhe, tó ń kàwé ní Itanagar, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ kan, Yasung di ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ àti ọ̀mùnú ọparun tí wọ́n fi ń sebẹ̀ sínú agbọ̀n, ó wọkọ̀ lọ wò ó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí i lẹ́nu ọ̀nà, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

"Takhe, ta nìyẹn? Ṣé bọ́tìnnì ló fi dí imú ni?"

"Ìránṣẹ́ ilé wa ni," Takhe dáhùn, ó ń wolẹ̀.

Yasung gbọ́. Ó rọra gbé agbọ̀n kalẹ̀. "Ìyá ẹ ní kí n kí ẹ o," ló wí, ó sì yíjú padà.

Kò lọ sílé tààrà. Ọ̀dọ̀ dókítà ló gbà lọ. Wọ́n yọ igi náà, wọ́n sì rán ihò méjèèjì dí.

Nígbà tó dé Hong, ìyá rẹ̀ tó ń koná gbójú sókè, ó rí imú rẹ̀ tó wú.

"Yasung! Ta ló nà ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó nà mí, Màmá. Èmi ni mo ní kí wọ́n rán an."

"Èmi tí mo jókòó tì ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ tí ọgbẹ́ yẹn fi ń ro ẹ́, ṣé o bi mí?"

Ìyá náà kọjú síná. Títí tó fi kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò wo ojú ọmọ rẹ̀ dáadáa mọ́.

Ọdún gorí ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú fòfin de imú lílu, àwọn obìnrin tí wọ́n ti lu imú wọn sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni Takhe kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wálé, tàwọn ti kámẹ́rà lọ́wọ́, láti ya fọ́tò àwọn tó kù.

"Màmá, wọn ò wá lè tún un lu ni?"

"Ó ti pẹ́ jù."

Takhe sún mọ́ ọn. "Màmá, ọjọ́ yẹn ní Itanagar..."

"Ọmọdé ni ẹ́ nígbà yẹn. Èmi àgbà ni mi ò bi ìyá mi."

Ni wọ́n bá lọ ya Yakang, ẹgbẹ́ Yasung tí ilé wọn kọjú síra, tí igi ṣì wà nímú tirẹ̀. Yakang nà ṣánṣán, ó yọ àgbọ̀n síwájú, ó ń pariwo pé, "Yasung, wá dúró tì mí, jàre! Kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni mo rẹwà jù nísinsìnyí!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Yasung náà rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé lọ bu ọtí ìrẹsì fún àwọn àlejò. Ó pẹ́ kó tó jáde.