Rédíò Ardith Nínú Ọkọ̀ Orval

Ọjọ́ Ajé ni Ardith Haskett sọ pé òun kò lọ mọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé ni, kò tíì bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀ pàápàá, ohùn rẹ̀ kò sì ga ju ti ẹni tó ń béèrè iyọ̀ lọ.

“Verlin, mi ò lọ lọ́jọ́rú. Mi ò lọ mọ́ rárá.”

Ọkọ rẹ̀ rọra jókòó. “Dókítà ní bí o bá pa á tì, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù fún ọ.”

“Mo gbọ́ nígbà tó sọ ọ́. Etí mi ò di, ojú ló fọ́.”

Oṣù kẹjọ rèé tí kíndìnrín Ardith ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Àtọ̀gbẹ tó ba kíndìnrín jẹ́ náà ló pa iná ojú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni Verlin ń fi ọkọ̀ gbé e lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, máìlì mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ní àlọ, iye kan náà ní àbọ̀, láàárín àwọn òkè iyanrìn Nebraska, níbi tí màlúù pọ̀ ju èèyàn lọ débi pé bí wọ́n bá gbà á láàyè kó dìbò, màlúù ni ì bá máa jẹ gómìnà. Rédíò ọkọ̀ wọn kì í kọjá géètì kejì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́ bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Láti ibẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ nìkan ló kù, irú afẹ́fẹ́ tó ń bó ọ̀dà lára ilé, tó sì ń padà wá mú ìyókù.

“Ẹ̀rọ yẹn ò pa mí,” Ardith ní, “ọ̀nà ló ń pa mí. Ìwọ ń rí òkè, ìwọ ń rí ẹyẹ. Inú òkùnkùn lèmi àti afẹ́fẹ́ jọ ń jókòó. Ìtàn tìẹ náà sì ti tán. Èyí tí màlúù já sí kànga yẹn, o ti sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, kànga náà kàn ń jìn sí i ni.”

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, Verlin tẹ Lonnie Petska láago, ẹni tó ń de rédíò mọ́ ọkọ̀ ní ìlú Tansley. Ó béèrè rédíò sátẹ́láìtì, èyí tí ohùn rẹ̀ ń ti ojú ọ̀run já bọ́ tààrà, tí kò bẹ òkè, tí kò bẹ àfonífojì.

“Ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ mi, sà,” Lonnie ní. “Irú ọkọ̀ wo ni?”

“Píkọ̀pù funfun. Màá gbé e síwájú ilé oúnjẹ Darlis. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ẹ̀, wá gbé e.”

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ yẹn á ti máa rẹ́rìn-ín. Píkọ̀pù funfun ni gbogbo wọn ń wà. Kò sì sẹ́ni tó ń yọ kọ́kọ́rọ́, torí olè tó bá jí ọkọ̀ níbẹ̀, epo á tán mọ́ ọn lọ́nà, yóò sì padà wá tọrọ epo lọ́wọ́ ẹni tó jí i ní nǹkan.

Verlin gbé ọkọ̀ síbẹ̀, ó wọlé lọ jẹ ẹran màlúù àti ànàmọ́ gígún, ó mu kọfí ife mẹ́ta. Nígbà tó jáde, ó jókòó sínú ọkọ̀, rédíò àtijọ́ ló ń wò ó lójú. Ó wo òrùlé ọkọ̀, kò sí ẹ́ríà tó ń gba ohùn. Ó gba ọ̀dọ̀ Lonnie lọ.

“Ṣé iṣẹ́ ti sú ẹ ni, Lonnie?”

“Iṣẹ́ wo, sà? Mo ti dè é, mo ti dá ọkọ̀ padà. Ẹ́ríà tí ò ju ọmọrí ìgò lọ, mo fi òòfà rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òrùlé. Ajá yín gan-an ń lá mi létí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́.”

“Ajá mi ti kú kí ìgbà yìnyín tó dé.”

Lonnie fi àkísà nu ọwọ́, ó tún un nù. “Ajá tó ní etí kan ńkọ́?”

“Ti Orval Dremmel nìyẹn,” ni Verlin wí, inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

Láàárín àwọn òkè yẹn, bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, ìka kan ni àwọn awakọ̀ ń gbé sókè lórí sítẹ́ẹ̀rì, ìyẹn ni “ẹ kú ọ̀nà.” Ọdún mọ́kànlá ni Verlin àti Orval, aládùúgbò rẹ̀, ti ń pàdé tí ìka ẹnikẹ́ni kò yíra, nítorí akọ màlúù Orval tó fo wáyà wá bá àwọn abo màlúù Verlin. Ó sì di ọ̀sẹ̀ méjì kí Lonnie tó rí rédíò mìíràn gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni dókítà dá.

Verlin gbé ìtìjú sẹ́yìn, ó kọrí sí ilé Orval. Ó bá a tó jókòó sínú píkọ̀pù rẹ̀ lágbàlá, tó ṣí fèrèsé sílẹ̀, orin dùùrù ń dún kíkankíkan jáde nínú rẹ̀.

“Verlin Haskett,” Orval wí láìyí orí. “Tó bá jẹ́ torí màlúù lo ṣe wá, ó ti kú. A ti jẹ ẹ́.”

“Torí rédíò yẹn ni. Ti Ardith ni. Lonnie ló ṣì ọkọ̀ dè.”

“Èmi rò pé ọmọ mi obìnrin ló rà á fún mi. Mo ti pè é láago, mo ti ń dúpẹ́. Ó ní, ‘Dádì, ṣé orí yín pé?’” Orval yí ohùn rédíò náà wálẹ̀. “Kí ni Ardith fẹ́ fi ṣe?”

Verlin sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kíndìnrín, ojú, ọ̀nà, àti ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé. Orval pa rédíò náà.

“Oṣù mẹ́jọ, o ò sọ fún mi.”

“Ibo ni màá ti bẹ̀rẹ̀?”

“Ibi tó o ti bẹ̀rẹ̀ lónìí yìí náà.” Ó bọ́ sílẹ̀. “Bí Lonnie bá ní kóun tú u lónìí, á fọ́ ọ. Gbé ọkọ̀ mi lọ, fi tìẹ sílẹ̀ fún mi. Ta ló máa mọ̀?”

Wọ́n pe ajá títí, ajá náà kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Verlin bá gbé òun náà lọ.

Lọ́jọ́rú, ẹ̀bẹ̀ ni Verlin fi mú Ardith dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. “Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.”

Ardith gbóòórùn ajá. “Kì í ṣe ọkọ̀ wa rèé.”

“Ti Orval ni.”

“Ayé ti ń parí nìyẹn,” ni Ardith wí, ó sì wọlé.

Verlin wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe àwọn eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àtijọ́ lórí rédíò náà, irú èyí tí Ardith máa ń dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì gbọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Wọ́n kọjá géètì kejì, ohùn náà kò tutọ́. Wọ́n kọjá òkè tó ga jù, ó mọ́ bíi pé onítàn náà jókòó sáàárín wọn. Ní máìlì ogójì, Ardith ti ń bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà jà. “Wo òmùgọ̀ yìí. Àbúrò ọkọ olóògbé ló pa á, alásè ló ń bi.” Nígbà tí Verlin ṣí ẹnu, ó fọwọ́ gbá a nítan. “Dákẹ́, wọ́n fẹ́ ka ìwé ìhágún.”

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, Ardith kò sọ̀ kalẹ̀. Renata, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, ti àga onítáyà jáde wá.

“Màmá Haskett, ẹ̀rọ ti ń dúró dè yín.”

“Kó dúró. A ò tíì mú apànìyàn.”

Renata fara ti fèrèsé láti rọ̀ ọ́ kó sọ̀ kalẹ̀, ló bá dúró síbẹ̀, òun náà ń gbọ́. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi tẹ́tí. Àbúrò ọkọ náà ni apànìyàn.

“Mo sọ bẹ́ẹ̀,” ni Ardith wí, ó sì na ọwọ́ kí wọ́n gbé òun. Bí wọ́n ṣe ń tì í lọ, ó yíjú sí ibi tó rò pé ọkọ rẹ̀ wà. “Verlin, má jẹ̀ẹ́ ká pẹ́ kúrò nílé lọ́jọ́ Ẹtì o. Mi ò fẹ́ bá eré náà lágbede méjì. Kó o sì bi Orval bóyá ó máa lo ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.”

Verlin ṣí fìlà rẹ̀, ó dúró sínú afẹ́fẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Orval, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Lonnie pẹ̀lú, tí kò béèrè nọ́ńbà ọkọ̀.