Òdòdó Tí Ìyá Mi Ń Gé Fún Pẹpẹ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Bódìjà, gbogbo ilé tó yí wa ká ló gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, àfi ilé tiwa. Òdòdó ni ìyá mi gbìn síbẹ̀, pupa àti funfun. Àlàájà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa kì í jẹ́ kó sinmi. "Ìyàwó Tíṣà, ọbẹ̀ fúláwà lẹ tún fẹ́ sè lónìí, àbí?" Ìyá mi á ní, "Ẹ sáà gbé abọ́ wá, Àlàájà."

Ẹ̀yin ọmọ mi, Sátidé kan kì í lọ kó má gé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Á tò ó sínú ìkòkò idẹ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, á tú u, á tún un tò, títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, á kó o kúrò, á dì í wẹ́wẹ́, láàárọ̀ Mọ́ńdè á sì pín in fún àwọn aláìsàn ní ọsibítù kan ní Jẹ́ríkò. Kì í sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí rẹ̀, ti kú ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ tó sọ fún bàbá mi pé, "Mi ò rí ọ̀rọ̀ bá Ọlọ́run sọ mọ́. Ohun tó rẹwà nìkan ni mo lè gbé lọ bá A." Òdòdó yẹn ni àdúrà rẹ̀.

Àlùfáà tuntun wá dé, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ Bíbélì dáadáa. Kò pé oṣù kan tó fi sọ lórí àga ìwàásù pé, "Ọkàn ni Ọlọ́run ń wò. Kí ni Ó fẹ́ fi òdòdó tó máa rọ ṣe? Láti òní lọ, ẹ jẹ́ kí pẹpẹ wà lásán." Gbogbo ojú yí sí ìyá mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni pẹpẹ fi wà lásán. Bí Sátidé bá dé, ìyá mi á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, àlùmọ́gàjí á wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní gé nǹkan kan. Àlàájà gan-an kò dá àpárá mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, àlùfáà lọ bẹ àwọn aláìsàn wò ní Jẹ́ríkò. Arúgbó kan tí kò lè dìde bi í pé, "Bàbá Àlùfáà, òdòdó wa ọjọ́ Mọ́ńdè dà? Àbí ara ìyá yẹn ò yá ni?" Ibẹ̀ ló ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wá sílé wa. Ojú mi ló ṣe.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀. Níwọ̀n ìgbà tó ti ń wúlò fún àwọn aláìsàn, ẹ máa gbé e wá."

Inú mi ti ń dùn. Inú ìyá mi kò dùn.

"Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n aláìsàn kọ́ ni mo ń gé e fún. Ohun tí Ọlọ́run bá ti gbà tán ni mo ń pín fún wọn. Bí ara gbogbo wọn bá yá lọ́la, ṣé kí n má gbé e wá mọ́ nìyẹn?"

Bàbá mi wo ilẹ̀. Àlùfáà tẹríba fún ìyá mi. "Ẹ gbé e wá fún Un, mà."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ tí ìyá mi ń kọrin níbi tó ti ń gé òdòdó. Mi ò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú.

Ìsọ̀ ni wọ́n kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé yẹn báyìí. Ilé ìsìn òde òní sì lẹ́wà ju tiwa lọ, mi ò ní purọ́. Iṣẹ́ oníròyìn ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, ìbéèrè kì í tán lẹ́nu mi. Láìpẹ́ yìí, ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Ṣálẹ́ńjì, mo rí ọmọbìnrin kan tó ń kó òdòdó oníke kúrò níwájú pẹpẹ nígbà tí àwọn kan ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo bi í pé ta ló tò ó fún.

Ó ronú díẹ̀. "Fún kámẹ́rà ni, Daddy. Òdòdó gidi kì í yọ dáadáa nínú ẹ̀."

Mi ò bá a wí. Òtítọ́ ló sọ fún mi, ó sì ń kánjú, torí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn tó háyà àwọn òdòdó náà ń dúró dè wọ́n ní Àpáta.