Ọjọ́ Tí Oyin Gba Alùpùpù Bàbá Mi

Ọjọ́ tí oyin gba alùpùpù lọ́wọ́ bàbá mi ní Ìsarà kò lè kúrò lọ́kàn mi láé.

Ìyá mi ló ń sin oyin lẹ́yìn ilé wa. Kì í fín oògùn sí wọn rárá. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àpótí oyin náà wà nínú agolo ọ́ìlì mọ́tò kí ìjàlọ má baà gùn ún. Ó ní oyin mọ ìyókù ṣe fúnra wọn.

Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í rí nǹkan kó fi í sílẹ̀. Nígbà tí ìjì jà lọ́jọ́ Sátidé, ó fi ọparun ti àpótí náà kó má baà wó. Kò fi agolo sídìí ọparun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wọ agbádá ṣọ́ọ̀ṣì tán nígbà tí a gbọ́ hùù! Ìjàlọ ti gba orí ọparun wọlé oyin. Oyin tú jáde bí èéfín, wọ́n sì bo alùpùpù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo wa sá wọlé. Bàbá mi ló kọ́kọ́ dé inú ilé.

"Ẹ gbé kẹrosíìnì wá!" ló ń pariwo.

"Bàbá Ṣọlá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni ìyá mi wí. "Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó fẹsẹ̀ rìn lọ. Ìyá mi fi ìda oyin ra inú àpótí mìíràn, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, oyin ti kó wọbẹ̀ fúnra wọn.

Ìjì mìíràn jà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá mi gbé ọparun, ó wo àpótí oyin, ó wo alùpùpù rẹ̀, ó sì lọ fi ọparun já ìbẹ́pẹ.