Ọdún Mẹ́rin tí Nọ́fíù Fi Jẹ́ Ṣítù

Ní oṣù kìíní ọdún 1969, tó ku oṣù díẹ̀ kí Nọ́fíù fẹ̀yìn tì, ìwé kan dé bá a tí kò jẹ́ kó lè jẹun. Kéèsì tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì ló fi í ránṣẹ́, Faransé gbáà, nọ́ńbà lókè, nọ́ńbà nísàlẹ̀. Nọ́fíù kò kàwé, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń wọn òwú láti ọjọ́ yìí wá kò ní ṣàì mọ nọ́ńbà. Ó rí i pé ọdún tó wà níwájú orúkọ òun kò ju mẹ́rin lọ.

Ó ká a sápò, ó di ọ̀dọ̀ Ọlájídé, akọ̀wé kéèsì náà ní Parakou, ọmọ Kétu kan tí ọyẹ́ ìhà òkè yìí kò jẹ́ kó bọ́ súwẹ́tà rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́.

"Bàbá, bó ṣe wà níbí nìyẹn," ni Ọlájídé wí. "Ilé iṣẹ́ yín ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù yín, àwọn náà ń fi díẹ̀ kún un, wọ́n ń san án síbí. Oṣù tí wọ́n bá san là ń kọ sílẹ̀. Tó bá pé ọdún márùn-ún, ẹ ó máa gba owó rẹtírẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù títí ọjọ́ ayé yín. Tí kò bá pé, wọn á fún yín ní ìwọ̀nba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Mẹ́rin ni tiyín."

"Mẹ́jọ ni, Mùsé."

"Mẹ́rin yòókù dà?"

Nọ́fíù họ orí. "Ó wà lórúkọ ẹ̀gbọ́n mi."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Ṣítù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ra òwú nítòsí ojú irin. Nígbà tí àìsàn dá Ṣítù dùbúlẹ̀ ní 1961, àwọn àgbà ilé ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe nígbà náà. Wọ́n ní kí àbúrò lọ dúró sí àyè ẹ̀gbọ́n, kí iṣẹ́ má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òyìnbó wo ló fẹ́ mọ ojú Ṣítù yàtọ̀ sí ti Nọ́fíù? Orúkọ ló ń pè láràárọ̀, ó pe Ṣítù, Nọ́fíù sì ń jẹ́ ẹ. Ṣítù kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Nọ́fíù ò dẹ́kun àtimáa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Òkú ń ṣiṣẹ́, kò pẹ́ dé rí, títí ọ̀gá tuntun fi dé ní 1965, tó ní kí kálukú mú ìwé ìbí rẹ̀ wá. Ọjọ́ náà ni Nọ́fíù tó padà di Nọ́fíù.

Ọlájídé wá ìwé Ṣítù jáde. Ọdún méje ló wà níbẹ̀.

"Mẹ́ta péré ni tirẹ̀ níbẹ̀," ni Nọ́fíù wí.

"A lè dá mẹ́rin padà fún yín, tí ẹni tó mọ ọjọ́ tó kú bá jẹ́rìí. Ó fi ìyàwó sílẹ̀?"

"Sìdíkátù. Ladjifarani ló ń gbé."

Ọlájídé fi bíìrò rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ gbọ́ èyí o. Bí ìwé yìí bá wà bó ṣe wà, ọdún méje yìí tó fún obìnrin náà láti máa gba owó opó lóṣooṣù. Tí a bá yọ mẹ́rin, ọdún mẹ́ta kò mú nǹkan kan wá fún un. Ẹ̀yin ni tàbí òun."

Ká má purọ́, èrò tí kò dáa wà lọ́kàn Nọ́fíù bó ṣe ń lọ sí Ladjifarani. Sìdíkátù ń ta ọṣẹ ní ọjà Arzèkè, kò mọ ohun tó ń jẹ́ kéèsì. Tí òun bá ní kó tẹ̀ka, yóò tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ òun kọ́ ni?

Sìdíkátù kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi." Bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ tó bá nílé nìyẹn.

"Ìyá Súbérù, ìwé kan wà tí mo fẹ́ kí o bá mi tẹ̀ka sí."

Obìnrin náà kò bèèrè ìwé kí ni. Ó ti ń nu àtàńpàkò rẹ̀ mọ́ ìró. Ojú ti Nọ́fíù débi pé ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ohun gbogbo fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Èló ni wọn ì bá máa fún mi?" ni Sìdíkátù bèèrè.

Nọ́fíù sọ iye tí Ọlájídé ti sọ fún un.

"Ó pọ̀."

"Ó pọ̀ lóòótọ́."

"Ó dùn mí," ni Sìdíkátù wí. "N kò ní sọ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n gbogbo àsìkò tí ọkọ mi fi dùbúlẹ̀, tí oṣù bá ti parí, iwájú ẹní rẹ̀ lẹ ń gbé owó náà sí. Ẹ máa ń ní, 'Ẹ̀gbọ́n, owó iṣẹ́ yín rèé.' Ó kú bí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣé èmi ni n ó wá sọ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣiṣẹ́ yẹn?"

Lọ́jọ́ kejì wọ́n jọ lọ. Ọlájídé bi í pé ọjọ́ wo ni ọkọ rẹ̀ kú.

"Ọjọ́ kẹwàá oṣù Ààwẹ̀, ọdún 1962, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé." Ó tẹ̀ka.

Ọlájídé ka ohun tó kọ fún wọn ní Yorùbá: Ṣítù ti kú láti 1962, Nọ́fíù ló ń ṣiṣẹ́ náà láti 1961. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye tí yóò máa wọlé lóṣooṣù, àmọ́ Nọ́fíù kò gbọ́ ọ. Ó ti bú sẹ́kún. Ọjọ́ kejì ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìdí ìwọ̀n ló wà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ tó mọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ láti bá a kẹ́dùn lójú òyìnbó, nítorí lórí ìwé, ẹni tí wọn ì bá torí rẹ̀ kí i ló ń wọn òwú níwájú wọn yẹn.

Ọlájídé rò pé owó náà ló kéré lójú rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú, bí òfin ṣe wí ni."

"Owó kọ́," ni Sìdíkátù wí. "Ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ń sunkún."

Ọlájídé dìde lórí àga rẹ̀. "Bàbá," ló wí, "ẹ kú ìrọ́jú o."