Sányán Ìyá Akínbíyì

Alágbàfọ̀ tí kò bá wọ aṣọ oníbàárà rẹ̀ rí, kó jáde síta kí a rí i. Èmi tí mò ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Dúrótìmí ní Àpòmù, mo ti rí i tó wọ agbádá ẹlòmíràn lọ síbi ìkómọ, tó tún fọ̀ ọ́, tó lọ̀ ọ́, kí ẹni tó ni ín tó dé. Mo bú u. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Bólúwatifẹ́, aṣọ kì í sọ ibi tó lọ." Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ọwọ́ àwa télọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń kọ láti àárọ̀ dalẹ́, bó ti ń fẹ́ iná sí irin eléèédú rẹ̀. Àwọn ará Ìkirè ń kọjá alágbàfọ̀ tiwọn wá bá a, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ aṣọ lọ̀ bíi tirẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni Ìyá Akínbíyì, ìyá arúgbó tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú, ó máa ń gbé sányán ìgbéyàwó rẹ̀ wá, pé kí Dúrótìmí bá òun sá a síbi ìbòòji, kó sì fi irin tí kò gbóná jù tẹ̀ ẹ́. Omi ò gbọdọ̀ kàn án. Sányán ni baba aṣọ, èyí sì ju aṣọ lọ. Òun ni ìyá wọ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá Akínbíyì mú un bọ̀ láti Gbọ̀ngán. Bọ́lẹ̀kájà tó gbé wọn bàjẹ́ sí Ìkirè, ni ọkọ ìyàwó bá gbé àpótí rù, ìyàwó ká etí aṣọ sókè kó má baà kan ẹrẹ̀, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn dé Àpòmù. Ẹ̀rín ni ìyá máa ń fi sọ ọ́ títí tó fi máa kan ìgbà àìsàn bàbá. Ojú bàbá ti fọ́ kó tó kú, ọwọ́ ló fi ń mọ ohun gbogbo. Ó ní kí wọ́n gbé sányán náà wá, ó fọwọ́ pa á láti òkè délẹ̀, ó ní, "Èyí ni kí o wọ̀ tẹ̀lé mi bọ̀ nígbà tó bá yá. Ọwọ́ mi ni màá fi dá ọ mọ̀." Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn yìí, Dúrótìmí náà mọ̀ ọ́n.

Ọdún tí àwọn onífíìmù dé, sányán náà wà lórí okùn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fíìmù tọkọtaya kan tó ń rìnrìn àjò láyé àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ọmọbìnrin tó ń wá aṣọ fún wọn, Olúwaṣeunfúnmi, yọjú wọlé, ó sì dúró lójú kan.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí gan-an la ti ń wá! Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ kan péré. Ẹ̀gbẹ́ títì ni ìyàwó á ti wọ̀ ọ́. Orúkọ yín á sì jáde lójú fíìmù."

Orúkọ yẹn ló pa á. Ẹni tí kò sí ibi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí rí bí kò ṣe ara ògiri ṣọ́ọ̀bù!

Ó tẹ̀lé aṣọ lọ kó lè máa ṣọ́ ọ. Wọ́n ya ti ẹ̀gbẹ́ títì tán, ni olùdarí wọn bá rí bí oòrùn ṣe ń tàn lórí odò Ọ̀ṣun, ó ní kí ìyàwó rìn wọnú omi. Kó tó pẹ́, omi ti dé àyà ọmọ ọlọ́mọ, sányán sì ń léfòó lẹ́yìn rẹ̀. Dúrótìmí wà létí odò. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà, ó tẹ orí ba bó ti ń sọ ọ́. Ó ní, "Mo lè pariwo, Ìyá Bólú. Mi ò pariwo. Ó ń dára lójú mi ni."

Ó sá aṣọ náà, ó fi gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lọ̀ ọ́. Lójú, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí o bá fọwọ́ kàn án, ó le, ó ń ha ni lọ́wọ́ bí àpò kòkó. Ó kó kánfọ̀ sí i, ó gbé e lọ fún ìyá. Ìyá kò tú u. "Ohun tí Dúrótìmí bá ti lọ̀, n kì í tún yẹ̀ ẹ́ wò," ló wí, ó sì tì í sínú àpótí.

Láti ọjọ́ náà ni orin ti dákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń pọn omi fún ìyá láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Bí ìyá bá sì ti ń súre fún un, ṣe ló máa ń sá jáde bí ẹni tí èéfín wọ̀ lójú. Mo ní kó lọ jẹ́wọ́. Ó ní lọ́la. Ọ̀la yẹn kò dé.

Fíìmù ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n fẹ́ fi í hàn wá nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìkirè lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n sì pe àwọn àgbà. Dúrótìmí sáré lọ bá ìyá.

"Màmá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Fíìmù ọ̀hún kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ìyá dáhùn. "Èmi náà ti sọ̀rọ̀ tó láyé."

Ẹ̀gbẹ́ ìyá ni mo jókòó sí. Òótọ́ ni, fíìmù náà kò sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń retí ìjà, àwọn kan ń retí àjẹ́, kò sí ọ̀kankan, àfi ọ̀nà, eruku, àti ọkùnrin kan tó ń bojú wẹ̀yìn wo ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó jáde nínú sányán, ìyá dì mí lọ́wọ́ mú. "Aṣọ mi nìyẹn," ló wí jẹ́jẹ́. "A ò ya fọ́tò lọ́jọ́ náà. Ṣé báyìí ni mo ṣe rí?" Omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó wọnú odò, ọwọ́ ìyá sì kúrò lára tèmi. Ní ìparí, orúkọ Dúrótìmí alágbàfọ̀, Àpòmù, jáde gbàgàdà. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún un. Òun nìkan ló tẹ orí ba.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lójú mi ni ìyá gbé aṣọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù Dúrótìmí. Dúrótìmí ti dọ̀bálẹ̀ kí ìyá tó wọlé.

"Dìde. Di ojú rẹ. Fọwọ́ kàn án." Ó ṣe bẹ́ẹ̀. "Kí ni ọwọ́ rẹ sọ fún ọ?"

"Ó le, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wá òmíràn fún yín."

"Ṣé òmíràn ni bàbá mọ̀?" Ìyá kò pariwo, ìyẹn ló burú níbẹ̀. "Èyí náà ni màá wọ̀. Ìwọ ni kí o sọ fún un lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ. Bí o bá dákẹ́, yóò fọwọ́ kàn mí, yóò ní kì í ṣe ìyàwó òun, yóò sì jẹ́ kí n kọjá."

Ìyá kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan Akínbíyì ọmọ rẹ̀. Nígbà tí òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀, ó sùn, kò jí. Dúrótìmí wá bá mi. Ó ní bí òun bá sọ̀rọ̀ lójú ìjọ, ta ni yóò tún gbé aṣọ fún òun? Ó ní ṣé òun ò lè sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sétí òkú?

Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé wúyẹ́wúyẹ́ ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ ní Ìkirè?"

Nígbà tí wọ́n fẹ́ dé pósí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó là àárín èrò kọjá, ó di etí sányán tó wà lára ìyá mú, ó sì gbóhùn sókè: "Bàbá Akínbíyì, ìyàwó yín nìyí o! Aṣọ náà le, èmi Dúrótìmí ni mo bà á jẹ́. Mo yá a fún àwọn onífíìmù. Mo wò ó títí ó fi wọ odò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọjá o, Bàbá. Àwọn ni." Akínbíyì wò ó, wò ó, ó sì gbójú kúrò.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, okùn inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Mo kó aṣọ ọkọ mi lọ fún un, kí n má baà rí okùn òfìfo yẹn. Mo ní ó kúkú ti ṣe ohun tí ìyá ní kó ṣe, kó fi ọkàn balẹ̀, kó tún máa kọrin rẹ̀.

Ó gba aṣọ náà, ó fọwọ́ pa á láti òkè délẹ̀.

"Bàbá ò tíì dá mi lóhùn," ló wí.