Ọjọ́ Tí Mo So Telé Bàbá Mọ́ Wífí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Agbo ilé kan náà ni bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé ní Kétu, igi máńgòrò kan ló sì wà láàárín ilé méjèèjì. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá wọn ni wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá fẹ́ kí wọ́n sin ín sí oko, lọ́nà Idigny, níbi tí ìyá náà ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àgbà ilé kì í sùn sí oko. Àwọn àgbààgbà ìdílé gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì sin ìyá sí ẹ̀yìn ilé. Bàbá kò jà. Ó kàn dákẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n àbúrò kì í jí kó má kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìtìjú ni. Nítorí náà, láràárọ̀, Bàbá á jáde, á dojú kọ igi máńgòrò, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé." Ìyá Àgbà, bí gbogbo wa ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á wá dojú kọ àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, á ní, "A dúpẹ́ o. Ṣé dáadáa lẹ jí?" Bí àlejò bá wà níbẹ̀, á rò pé ìdílé tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún ewúrẹ́ ni òun dé.

Èmi ni mo máa ń ru ọ̀rọ̀ wọn kiri. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà. Èmi àti Bàbá nìkan la wà nílé wa láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ sí Gàbọ́n, kó lè bá àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ tọ́jú ọmọ. Bí iyọ̀ bá tán, Bàbá á ní kí n lọ bèèrè lọ́wọ́ "àwọn ará ibẹ̀ yẹn." Bí Ìyá Àgbà bá se ẹ̀wà, á ní kí n gbé abọ́ kan lọ fún "ẹni tó wà nílé yín." Wọn kò fi ebi pa ara wọn.

Àbúrò mi tó wà ní Gàbọ́n ló ní kí a ra telé, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, fún Bàbá, irú èyí tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ọmọ òun àti bàbá àgbà wọn lè máa rí ara wọn lójú rẹ̀. Ọmọ Ìyá Àgbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Kutọnu ló bá wa rà á. Irú èyí tó ti rà fún ìyá tirẹ̀ gan-an ló rà, ó ní òun kò fẹ́ máa kọ́ oríṣi méjì. Ó fi í ránṣẹ́ nínú mọ́tò, ó sì tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Bàbá yí i wò tẹ̀yìn tiwájú.

"Ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù," ó ní. "Afẹ́fẹ́ á gbé e."

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ilé Ìyá Àgbà nìkan ni wífí, íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò ní wáyà, wà nínú agbo ilé wa. Ọmọ rẹ̀ ló gbé àpótí rẹ̀ síbẹ̀, kó lè máa rí ojú ìyá rẹ̀ bó bá pè é. Ìyá náà sì fi ń wo ìtàn alápá púpọ̀ kan tí wọ́n ń sọ ní èdè Faransé. Kò gbọ́ Faransé, síbẹ̀ òun ló máa ń ṣàlàyé fún wa ẹni tó fẹ́ gba ọkọ ọlọ́kọ.

Mo sọdá lọ bá a. Ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ so telé wa mọ́ wífí yín."

Kò gbójú sókè. "Ṣé òun ló rán ọ?"

"Rárá o. Èmi ni mo wá fúnra mi."

"Òun kọ́ ni yóò máa wò ó?"

"Àwa méjèèjì ni."

Ó fẹ́ ìdọ̀tí inú àtẹ dànù. "Máa lò ó. Wífí kì í ṣe ilẹ̀ oko. Kò sẹ́ni tó máa gbin pèrègún ààlà sí i."

Abẹ́ àpótí náà ni wọ́n kọ kóòdù rẹ̀ sí, lẹ́tà àti nọ́ńbà tó gùn bí ọ̀nà oko. Mo fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, mo padà sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi télékọ̀máńdì, ohun tí wọ́n fi ń darí telé láti òkèèrè, tẹ̀ ẹ́ sí ojú rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá fẹ́ lọ láti ibi *a* dé ibi *p*, bí ẹni ń ti ìbẹ̀rẹ̀ ebè lọ sí òpin rẹ̀ ni. Bàbá jókòó, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún, ó ń wò mí.

"Ṣé kọ́kọ́rọ́ ilé wọn nìyẹn?"

"Ti wífí nìkan ni, Bàbá."

"Ó pọ̀ ju ti ilé lọ."

Telé náà sọ ní Faransé pé kóòdù náà kò tọ̀nà. Mo tún un tẹ̀. Ó tún kọ̀.

"Bóyá ó ti mọ̀ pé àwa ni," Bàbá wí.

Mo fa fọ́tò inú fóònù náà fẹ̀, mo rí i pé ohun tí mo ń pè ní lẹ́tà *o*, òdo ni. Mo tún un tẹ̀, telé sì gbà. Ṣùgbọ́n bí mo ti fẹ́ ṣí nǹkan kan wò, ó ní òun kò rí wífí mọ́. Ògiri wa nípọn, amọ̀ àtijọ́ ni. Mo gbé telé kúrò níbi tí Bàbá fẹ́ kó wà, kò ṣiṣẹ́. Mo gbé e sí igun, kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àbájáde, tó kọjú sí ilé Ìyá Àgbà, nìkan ló ti ṣiṣẹ́, bí ilẹ̀kùn náà bá wà ní ṣíṣí.

"Ṣé ibẹ̀ nìkan ni?" Bàbá bi mí.

"Ibẹ̀ nìkan ni."

"Dakọ́ọ̀," ó ní. "Mo gbà" ni Faransé yẹn túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ìgbà tí kò bá gbà ló máa ń sọ ọ́. Ó dìde, ó yí àga rẹ̀ padà. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti rí Bàbá tó jókòó tó kọjú sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Telé tún ní òun fẹ́ kọ́kọ́ tún ara òun ṣe. Ìlà funfun kan jáde, ó ń gùn díẹ̀díẹ̀. Bàbá wo ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní kó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ ná. Ó ní rárá, òun fẹ́ mọ ibi tó ń lọ.

Ó kù kí n fi fídíò kan hàn án. Ṣáájú ìgbà yẹn, àbúrò mi ti bẹ̀ mí pé kí n ká ohùn Bàbá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ òun, kí wọ́n mọ bí ayé ṣe rí nígbà tó wà lọ́mọdé. Mo ti bá a jókòó sí ẹ̀yìn ilé, mo gbé fóònù sí iwájú rẹ̀, ó sì ti sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó fẹ́ rí ara rẹ̀ kí a tó fi ránṣẹ́, ó ní òun kò fẹ́ kí àwọn ọmọ Gàbọ́n rí òun pẹ̀lú fìlà wíwọ́.

Mo so fóònù mi mọ́ wífí kan náà, ó sì bi mí pé telé wo ni kó gbé fídíò náà sí. Orúkọ kan náà ló kọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo rò pé fóònù ló ń ṣe wèrè. Mo tẹ ti òkè.

Ojú telé wa dúdú kirimu. A ń dúró. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ohùn Bàbá láti ilé Ìyá Àgbà, ó ròkè ju bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ.

Bàbá tẹ́tí. "Ta ló ń fi ohùn mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé telé méjèèjì jẹ́ ìbejì, wífí kan náà ni wọ́n sì ń mu. Mo tẹ fóònù kó dúró. Ó ń yí, ó ń yí, kò dúró. Ohùn náà ń bá ìtàn rẹ̀ lọ:

"Nígbà tí mo wà ní kékeré, ejò bù mí jẹ ní oko. Bàbá wa kò sí nítòsí, àìsàn dá ìyá wa dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pọ̀n mí. Òun náà kò tíì dàgbà, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Ó pọ̀n mí láti oko wá sí Kétu nínú òjò. Bí mo bá ní ẹsẹ̀ ń ro mí, á ní, 'A ti dé, ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ yẹn ni.' Ibi tí ọ̀nà ti ń ṣẹ́ kò tán. Nígbà tí a dé ìdí ìrókò kan, ó sọ̀ mí kalẹ̀, ó jókòó, ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó jẹ ẹ̀pà yẹn tán kó tó tún pọ̀n mí. Mo rò pé mo ti ń kú lọ nígbà yẹn."

Bàbá ń wo ojú telé tó dúdú bí ẹni pé òun ló ń sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó kàn nínú fídíò náà, mo tún tẹ fóònù. Kò gbọ́ tèmi.

"Bí kò bá sí ẹ̀gbọ́n mi," ohùn náà wí, "èmi kì bá sí, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí náà kì bá sí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún un rí. Ẹni tí èèyàn ń rí lójoojúmọ́, ìgbà wo lèèyàn máa sọ irú ẹ̀ fún un?"

Ó parí síbẹ̀. Bàbá kò wò mí, èmi náà kò wò ó.

Láìpẹ́, a rí Ìyá Àgbà tó ń bọ̀. Kò yára. Ó gba abẹ́ máńgòrò kọjá, ó dé ẹnu ọ̀nà wa. Télékọ̀máńdì tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tẹ ẹnu ọ̀nà yẹn.

Èmi ló kọ́kọ́ bá wí. "Mo ń wo tèmi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, orí bàbá rẹ yọ sí mi."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Èmi ni mo ṣi ibi tẹ̀."

Ó yíjú sí Bàbá. "Èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ̀pà."

Bàbá ò gbójú kúrò lára telé. "Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́."

"Ìwọ lo jẹ ẹ́. Igbe rẹ ti pọ̀ jù, mo wá ń fún ọ ní ẹ̀pà láti ẹ̀yìn, kí o lè dákẹ́. O jẹ ẹ́ tán, o tún ní omi ń gbẹ ọ́."

"Ẹni tí ejò bù jẹ kì í jẹ ẹ̀pà."

"Ìwọ jẹ ẹ́." Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. "N kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Láti oko dé Kétu, n kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ rárá. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀ ọ́, n kò ní lè gbé ọ mọ́."

Bàbá wá wò ó. "Ìrókò ńkọ́?"

"Mo fẹ̀yìn ti ìrókò náà, lórí ìdúró ni mo wà. Ìwọ ni ẹ̀yìn rẹ kan igi. O rò pé ilẹ̀ ni."

Bàbá ro ọ̀rọ̀ náà. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń rìn díẹ̀ lára àga, bí ẹni tó ń wá ibi tí igi náà ti kan òun.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," ó ní.

Ìyá Àgbà jókòó sórí àga mi. Ó ní kí n gbé fídíò náà sí telé wa kí gbogbo wa lè wò ó bó ṣe yẹ, nítorí irọ́ wà nínú rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dé Gàbọ́n bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo tẹ orúkọ ti ìsàlẹ̀, ojú Bàbá sì yọ gbàgà síwájú wa. Bí a ti ń wò ó ni Ìyá Àgbà ń ní kí n dá a dúró. Kì í ṣe òjò ni, ìrì òwúrọ̀ ni. Ẹsẹ̀ Bàbá kò wọ́ nílẹ̀, kò ga tó bẹ́ẹ̀. Bàbá ní òjò ni. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé apá ìparí, Ìyá Àgbà bi mí bóyá omi mímu wà nílé wa. Mo lọ bu omi wá. Nígbà tí mo padà dé, fídíò ti parí, àwọn méjèèjì jókòó wọ́n ń wo ìta. Ìyá Àgbà gba omi, ó mu ún, ó dá ife padà fún mi. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba apá yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá jáde, ó dọ̀bálẹ̀ lábẹ́ máńgòrò. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ti rò ó. Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ̀pà náà."

"Dìde nílẹ̀," Ìyá Àgbà wí, "erùpẹ̀ wà níbẹ̀."

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jà. Wọ́n ń jà nípa ẹ̀pà, nípa irú ejò tó bù ú jẹ, nípa ẹni tó kọ́kọ́ rí wọn nígbà tí wọ́n wọ ìlú. Bí ìtàn Faransé bá bẹ̀rẹ̀, Bàbá á sọdá lọ bá a wò ó, nítorí ó ní ti ibẹ̀ kì í gé. Mo wá lè fi ọkàn sí iṣẹ́ ìránṣọ mi.

Lẹ́yìn tí ìgbà òjò parí, Bàbá ní ìrókò náà ló máa parí ẹjọ́. A gba taksí kan, a kọrí sí ọ̀nà Idigny, àwọn méjèèjì lẹ́yìn, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Níbi tí wọ́n ní ọ̀nà oko wà, ẹ̀gẹ́ ni a bá, tó lọ títí dé ibi tí ojú mọ. Bàbá nawọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ní ibẹ̀ ni ìrókò wà. Ìyá Àgbà nawọ́ sí ọwọ́ òsì. Ọkùnrin tó ni ẹ̀gẹ́ náà yọ sí wa, ó kí wa, ó ní lóòótọ́ ni igi ńlá kan wà tí wọ́n ti gé fi la pákó, ó sì nawọ́ síwájú tààrà. Wọ́n sọ fún un pé ó ṣìnà. Ọmọdé ló jẹ́ lójú wọn, nítorí náà ó gbà.

Kí a tó padà, Ìyá Àgbà bi Bàbá pé, "Ibo gan-an lo fẹ́ kí a sin ìyá wa sí?"

Bàbá tọ́ka sí ibi gíga kan tí ọ̀pẹ wà.

Ìyá Àgbà wò ó. "Ibẹ̀ dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó jìn."

"Ó jìn," Bàbá wí.

A wọ mọ́tò. Bí a ti ń lọ, wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, nípa ọ̀pẹ yẹn, bóyá ó ti wà níbẹ̀ láyé ìyá wọn. Awakọ̀ wò wọ́n nínú dígí, ó rọra bi mí bóyá tọkọtaya ni wọ́n. Mo ní rárá, ọmọ ìyá kan ni wọ́n.

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ó ní. "Tọkọtaya ì bá ti sú ara wọn."